Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Léèrè, Ṣùgbọ́n Ẹ Sọ Gbogbo Rẹ̀ Fún Un

  

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni a fẹ́ bá ara wa sọ nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó lóṣù yìí. Nínú mọ́sálásí wa ní Agbamu, lẹ́yìn asalátù ọjọ́ Àìkú, nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń jókòó láti dá àwọn èèyàn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ iṣẹ́ oògùn òyìnbó, tí a sì ń yọ̀ǹda ara wa fún iṣẹ́ mọ́sálásí, a máa ń jókòó tì í.

Ìbéèrè tí a ń gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti àrùn ńlá. Ibà ni, orí fífọ́ ni, ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ni, ara ríro ni. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀, wọ́n á sì fi ìdajì yòókù sínú. Inú ìdajì tí wọ́n fi sínú yẹn ni ewu máa ń wà. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì kì í tètè dáhùn. Ìbéèrè ni òun náà fi ń bẹ̀rẹ̀: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ti lò sí i? Oògùn wo lẹ ń lò tẹ́lẹ̀? Àwọn mìíràn a máa bínú, wọ́n á ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ìdáhùn la bá wá, ẹ tún ń bi wá." Ẹ má bínú. Ibi ìbéèrè yẹn ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kò bá mọ́sálásí mu. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ fún wa pé kí á máa wá ìwòsàn, ó sì fi yé wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ tí kò fi oògùn rẹ̀ lélẹ̀, àfi ogbó. Ìtàn sọ fún wa nípa Rufaydah al-Aslamiyyah, obìnrin ará Mẹ̀dínà tí ó ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Nígbà ogun Khandaq, ní ọdún karùn-ún Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 627, ọfà ba Sa'd ibn Mu'adh. Ànábì ní kí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ obìnrin yìí nínú mọ́sálásí, kí òun lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá jókòó sínú ọgbà mọ́sálásí tí ó ń dá Mùsùlùmí lóhùn, ipa àwọn ẹni àkọ́kọ́ ni ó ń tọ̀.

"Ibà tún ti dé. Èwo ni kí n rà?"

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù. Ohun tí nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, Màmá?" Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni wọ́n nílò, èsì rẹ̀ kì í sì pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Ó lè jẹ́ àyà ló ń dun ọmọ, ó lè jẹ́ etí, ó lè jẹ́ ibi tí ìtọ̀ ń gbà. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn ibà sí àrùn tí kì í ṣe ibà, àrùn náà ń dàgbà sí i lára ni.

Ìdajì ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ níbí ni pé wọ́n ti lo oògùn díẹ̀ nínú èyí tí ó ṣẹ́kù nígbà tí ó kọjá. Ẹ̀yin èèyàn wa, láti ọdún 2005 ni orílẹ̀-èdè wa ti fi chloroquine sílẹ̀ fún àwọn oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú wọn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó, kí èèyàn sì jẹun sí i. Bí ara bá yá lọ́jọ́ kejì, ẹ má ṣe fi èyí tó kù pamọ́ de ibà mìíràn. Ìwọ̀n ìlò ẹnì kan ni. Tí ẹ bá pín in sí méjì, ibà àkọ́kọ́ kò ní tán, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì náà kò ní gbọ́ oògùn.

Tí ó bá jẹ́ ọmọdé, tí gìrì gbé e, tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó bá gbé mì, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣe é jí, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìbéèrè. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

"Ọmọ ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Eyín ló fẹ́ hù, àbí?"

Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbà tí eyín ń hù ni ọmọ ń rá kálẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ àti gbogbo ohun tí ó bá rí sẹ́nu. Ìdọ̀tí tí ó ń gbé mì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, omi mímọ́ àti abọ́ tí a bò ni ìdáàbòbò rẹ̀.

Ohun tí ó ń pa ọmọ nínú ìgbẹ́ gbuuru ni omi àti iyọ̀ tí ó ń jáde lára rẹ̀. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa yóò rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Ó wà lára àwọn tí ó tan ìmọ̀ omi iyọ̀ àti ṣúgà kálẹ̀ láàrin àwọn ìyá ọmọ ní ilẹ̀ yìí. Ṣúgà inú omi náà ló ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa iyọ̀ àti omi padà sínú ara. Lónìí, èyí tí wọ́n ti dì tẹ́lẹ̀, tí à ń pè ní ORS, ló dára jù. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ mọ ìwọ̀n omi tí ó gbà. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú omi mímọ́ lítà 1, kí ṣíbí má kún ju etí lọ. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ jù, nítorí iyọ̀ àjù léwu fún ọmọ. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọmú má sì dáwọ́ dúró. Èyí tí ó bá ti lo wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sọ pé, "Mo fún un, ìgbẹ́ náà kò dúró, ni mo bá fi sílẹ̀." A fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa: iṣẹ́ ORS kì í ṣe láti dá ìgbẹ́ dúró. Ó ń dá omi ara padà ni, kí ọmọ má bàa kú kí ìgbẹ́ tó tán. Oògùn zinc ni ó ń dín ọjọ́ ìgbẹ́ kù: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọmọ tí ó ti pé oṣù 6, mílígíráàmù 10 fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, fún ọjọ́ 10 sí 14.

Kí ni ìdajì tí wọn kì í sọ? Àgbo tí ìyá àgbà ti fún ọmọ ní kùtùkùtù, àti Flagyl tí wọ́n ti rà ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì kò béèrè kí ó lè bá ìyá àgbà jà. Ó fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ọmọ ni. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ojú ọmọ jìn wọnú, tí ó ń sunkún tí omijé kò jáde, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ má dúró sílé.

"Ara mi ti yá. Mo ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró"

Àwọn bàbá wa ló máa ń sọ èyí, tayọ̀tayọ̀ sì ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Èèyàn lè wà ní 180 kí ó sì máa ro oko, kí ó máa kírun ní jámáà. Oògùn tí ẹ ń lò ló mú un wálẹ̀. Tí ẹ bá dá a dúró, yóò tún gòkè. Lọ́jọ́ kan, apá àti ẹsẹ̀ lè rọ, ẹnu lè wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n ju ọjọ́ kan lọ, kí ó má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́ níbí ni oògùn ara ríro. Ibuprofen àti Diclofenac tí à ń lò lójoojúmọ́ fún ẹ̀yìn àti orúnkún lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí inú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára àgbàlagbà. Bàbá tí kò bá sọ pé òun ń lò ó, dókítà yóò rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni kò ṣiṣẹ́, yóò sì fi òmíràn kún un.

"Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe mí. Ṣé mo lè gba ààwẹ̀?"

Ẹ má dúró di ọjọ́ tí oṣù bá lé kí ẹ tó béèrè. Ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú Ràmàdáànù, kí wọ́n lè yí ìwọ̀n àti àsìkò oògùn padà. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn nínú Súrátù Bákárà, pé kí ó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò bá sì ní lọ, kí ó bi ààfáà nípa bíbọ́ aláìní. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbà á, ẹ máa yẹ ṣúgà ara yín wò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ló ti sọ pé gígún ìka kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Bí ó bá wálẹ̀ kọjá 70 tàbí tí ó gòkè kọjá 300 lórí ẹ̀rọ tí a ń lò nílé, tàbí tí ara ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ń dákú lọ nítorí ojú ayé, kò gba ààwẹ̀ fún Ọlọ́hun.

Ìbéèrè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ di ìgbà tí gbogbo èèyàn bá lọ

Àwọn ìbéèrè kan wà tí àwọn obìnrin wa kì í béèrè láàrin àwùjọ. Wọ́n á dúró di ìgbà tí ẹní bá ti káká, wọ́n á wá sún mọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n á sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Kókó kan wà ní ọyàn mi. Ṣùgbọ́n kò dùn mí." Tí nọ́ọ̀sì bá bi wọ́n pé ó ti tó ìgbà wo, ó lè jẹ́ ọdún kan. Àìdùn yẹn ló ń tàn wọ́n. Kókó tí kò dunni gan-an ni ó yẹ kí èèyàn tètè fi hàn, nítorí jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ èyí tí ó jẹ́. Láti ọ̀dọ̀ wa, ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán kò jìnnà. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ̀wé sí Ìlọrin.

Ẹ̀yin ọkọ, tí ìyàwó yín bá ní òun fẹ́ lọ fi ara hàn nọ́ọ̀sì, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kí ẹ sì bá a lọ. Ìtìjú dára nínú ẹ̀sìn wa, ṣùgbọ́n obìnrin ni nọ́ọ̀sì yìí, aṣírí yín sì jẹ́ àmánà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ni ẹ ń bi?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wọ aṣọ funfun ni nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ni ẹni tí ó kàwé rẹ̀, tí ó yege, tí Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà sì fún ní ìwé àṣẹ. Ẹ lè béèrè, kò ní bínú. Ohun mìíràn tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n ni pé ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó bá ní oògùn fún gbogbo ìbéèrè, tí kò sọ rí pé "Ẹ lọ rí dókítà," ẹ ṣọ́ra fún un.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, tòun ti páálí wọn, kí ẹ sì mú káàdì ilé ìwòsàn dání. Ẹ sọ àgbo tí ẹ ń mu. Ẹ sọ bí oyún bá wà tàbí bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ sọ oògùn tí ara yín kò gbà. Ẹ má ṣe rán ọmọdé pé kí ó lọ gba oògùn wá fún màmá; ọmọdé kò lè dáhùn ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì yóò bi í.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó san àwọn tí ń tọ́jú wọn lẹ́san rere. Àmín.