Ajá Tí Ó Mọ Ìwà Hù Lójúde

Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ìkirè àti Àpòmù, ojúde kan náà ni ọmọdé ti ń ṣeré, tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀, tí àwọn tí ń kiri dòdò ń gbà kọjá. Ibẹ̀ náà ni ajá ń ṣọ́. Bí ajá bá ń sáré lé gbogbo ohun tí ó bá ti mira, bó pẹ́ bó yá, yóò bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Èrò ọ̀pọ̀ alájá ni pé pàṣán ni ó ń kọ́ ajá lọ́gbọ́n. Lóòótọ́, pàṣán a máa dá ajá dúró, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó ń kọ́ ọ, ajá tí ẹ̀rù ń bà a sì máa yára bu ènìyàn jẹ. Ti ọdẹ kò rí bẹ́ẹ̀: a máa fún ajá rẹ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹran tí ó bá bá a lé. Àwọn àgbà ní, ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Aláìgbọràn ni wọ́n sábà ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ó kan ọdẹ pẹ̀lú: báwo ni ajá yóò ṣe gbọ́ fèrè tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ìtumọ̀ rẹ̀?

Ivan Pavlov, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904, fi hàn pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ lemọ́lemọ́, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu ajá nígbà tí ó bá gbọ́ ìró náà, kí oúnjẹ tó dé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ní ìtumọ̀ fún ajá nìyẹn.

Nítorí náà, inú ilé tí ó dákẹ́ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí alájá sọ pé “Jókòó,” kí ó sì fún ajá ní òkèlè kékeré ní kété tí ó bá jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni kí gbogbo ará ilé máa lò. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, kí wọ́n fi okùn mú un dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà dé ojúde, níbi tí ó jìnnà sí ewúrẹ́. Kí wọ́n máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tó. Bí ajá bá ń gbó, kí wọ́n má ṣe pariwo mọ́ ọn, nítorí lójú tirẹ̀, àwọn náà ń gbó ni. Kí wọ́n fà á sẹ́yìn, kí wọ́n dúró dìgbà tí yóò dákẹ́, kí wọ́n tó fún un ní òkèlè.

Ìwà pẹ̀lẹ́ kò sọ pé kí ajá má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, ìbáà jẹ́ ajá ilé, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè é.