Sinimá Ìfẹ́ Apanilẹ́rìn-ín: Ìdí tí Òmíràn Fi Ń Dùn, tí Òmíràn Fi Ń Tẹ́

Ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá, àdúgbò tí àwọn Haúsá tẹ̀dó sí ni à ń pè ní Sábó. Ní Kánò, ọ̀rọ̀ náà yí bírí: àwọn ará Gúúsù ni wọ́n ń gbé Sábọ̀n Gàrí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Haúsá í ṣe ìlú tuntun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, kí wọn má baà máa gbé inú odi ìlú. Láti ìgbà náà ni Yorùbá, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń bá ara wọn gbé níbẹ̀; òpópónà kan ń jẹ́ Abẹ́òkúta, òmíràn ń jẹ́ Enugu. Ibi tí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Onitsha bá ti jọ ń gbé ojúlé kan, ìfẹ́ kò lè ṣàì yọjú. Bí ó bá sì yọjú, àwọn ìyá méjèèjì yóò ní ọ̀rọ̀ í sọ. Nítorí ìdí èyí, sinimá tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ pa ni lẹ́rìn-ín kì í ṣe eré lásán fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jókòó síwájú àwòrán náà lè jẹ́ ẹni tí kò tíì mọ bí òun yóò ti sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.

Kánò ti mọ sinimá tipẹ́. Ní ọdún 1937 ni wọ́n ṣí Rex, ilé sinimá tí kò ní òrùlé. Nígbà tí ó yá, Sábọ̀n Gàrí pẹ̀lú ní El Dorado tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1950 ni àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì bẹ̀rẹ̀ sí í kó sinimá Íńdíà wọ ìlú náà, àwọn Haúsá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ èdè tí a fi ṣe é. Brian Larkin, onímọ̀ kan tí ó ṣe ìwádìí ní Kánò, kọ ọ́ ní ọdún 1997 pé àwọn òǹwòran rí ìṣe ara wọn nínú ìṣe àwọn ará Íńdíà: ìmúra wọn, ìtìjú tí ó wà láàrin ọkùnrin àti obìnrin, àti wàhálà ọmọ tí ó fẹ́ ẹnìkan nígbà tí àwọn òbí ti yan ẹlòmíràn fún un.

Nínú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bí ọkùnrin bá rí obìnrin, tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí ẹbí sì gbà, kí ni ó kù tí òǹwòran yóò jókòó dè? Ìdènà gbọ́dọ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kò lè fi ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún yanjú. Ní ọdún 1934, Frank Capra ará Amẹ́ríkà ṣe It Happened One Night, níbi tí ọmọbìnrin olówó kan tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ti bá akọ̀ròyìn kan pàdé lójú ọ̀nà. Iyàrá kan ni wọ́n rí sùn sí; ọkùnrin náà ta okùn, ó fi aṣọ ìbora kọ́ ọ sí àárín ibùsùn méjèèjì. Adùn eré náà pọ̀ lára aṣọ yẹn. Àwọn ará Íńdíà tún ìtàn náà ṣe ní ọdún 1956, wọ́n pe tiwọn ní Chori Chori. Nínú Dilwale Dulhania Le Jayenge ti ọdún 1995, Raj ìbá gbé olólùfẹ́ rẹ̀ sá lọ. Ìyá ọmọ náà gan-an ni ó ní kí wọ́n máa lọ. Raj kọ̀, àfi bí bàbá bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó wọ inú ilé tí wọ́n ti ń múra ìgbéyàwó ọmọ náà fún ẹlòmíràn, ó ń bá wọn ṣe iṣẹ́, ó ń dá wọn lẹ́rìn-ín, àyà sì ń já òǹwòran.

Ní ti sinimá Haúsá, lẹ́yìn tí Turmin Danya jáde ní Kánò ní ọdún 1990 ni ti orí fídíò gbilẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì yá ìtàn àti orin lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò gba òfin Ṣàríà ní ọdún 2000, tí wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò sinimá sílẹ̀ ní ọdún 2001, ìsúnmọ́ra ọkùnrin àti obìnrin nínú eré di ohun tí a ń ṣọ́. Àwọn olólùfẹ́ a dúró ní ọ̀kánkán, wọn a máa fi orin bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ni àwọn òṣèré lára, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, ohun tí a kò gbà láàyè yìí gan-an a máa fa ọkàn òǹwòran ju ìfẹnukonu mẹ́wàá lọ.

Àwọn Yorùbá kò ṣàìmọ bí a ti ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún ní ọdún 1976, Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí a mọ̀ sí Ade Love, sì ni olórí òṣèré rẹ̀. Ìfẹ́ àti orin wà níbẹ̀. Ní ọdún 1982 ni Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, jáde. Ẹ̀rín Bàbá Sàlá kò láfiwé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí ìṣẹ́ ń bá jà ni, kì í ṣe ti olólùfẹ́. Àwọn kan tí ó tẹ̀ lé wọn kò fiyè sí ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n rò pé bí a bá ti fi aláwàdà kan sí ẹ̀gbẹ́ olólùfẹ́ méjì, eré ti pé. Aláwàdà yóò ṣe tirẹ̀, olólùfẹ́ yóò ṣe tiwọn, eré méjì a sì wà nínú fíìmù kan.

Kúnlé Afọláyan, ọmọ Ade Love, yẹra fún àṣìṣe náà nínú Phone Swap, ní ọdún 2012. Akin, ọ̀gá iléeṣẹ́ tí ó gbéra ga, àti Mary, aránṣọ, kọlu ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Fóònù wọn jọra, olúkúlùkù sì gbé ti ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù ṣì wọ́n lọ́nà: Akin bá ara rẹ̀ ní Owerri láàrin ẹbí Mary, Mary sì bá ara rẹ̀ ní Abuja lọ́dọ̀ ìyá Akin. Fún ìgbà pípẹ́ nínú eré náà, àwọn méjèèjì kò sí lójú kan. Olúkúlùkù ń mọ ilé ẹnìkejì kí ó tó mọ ọkàn rẹ̀, bí àwọn àgbà ti ń fẹ́ kí a ṣe é gan-an! Akin ń jókòó ti bàbá Mary, ẹni tí Chika Okpala, Zebrudaya ọjọ́sí, ṣe. Ẹ̀rín náà ti inú ipò tí wọ́n wà jáde, a kò háyà rẹ̀ wá láti ibòmíràn.

The Wedding Party ti Kẹ́mi Adétiba, tí ó dé ilé sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ni ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ Sábọ̀n Gàrí jù lọ. Dúnní jẹ́ ọmọ Yorùbá, Dozie jẹ́ ọmọ Ìgbò. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn nìkan ni eré náà dá lé. Ìyá ọkọ ń wo ẹbí ìyàwó bí ẹni tí kò tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá ìyàwó, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, kò sì ní gbà. Èrò pọ̀ jù nínú eré náà, òmíràn kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdènà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: ìwà tí Dozie ti hù sẹ́yìn ni Dúnní ń bẹ̀rù, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Kò sí fíìmù Nàìjíríà tí ó pa owó tó o ní ilé sinimá títí di ìgbà náà. Apá kejì rẹ̀, ní ọdún 2017, kọjá sí Dubai. Owó wọlé fún un pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ilé gogoro ni ènìyàn ń rántí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 2021, Namaste Wahala jáde lórí Netflix: ọmọkùnrin Íńdíà àti ọmọbìnrin Nàìjíríà. Ènìyàn ìbá rò pé àwọn ìfẹ́ méjèèjì tí Kánò ti ní látijọ́ ni ó pàdé yìí. Ó ṣe ni láàánú pé Raj àti Didi kọlu ara wọn ní etí òkun, ìfẹ́ sì ti pé kí òǹwòran tó mọ ẹni tí olúkúlùkù wọn jẹ́. Àwọn òbí bínú, àwọn òbí sì rọ̀, bí ẹni pé aago ni ó lù.

Gbogbo eré wọ̀nyí, Èkó, Abuja, Owerri àti Dubai ni wọ́n ti wáyé. Ẹni tí yóò ṣe ti Sábọ̀n Gàrí kò ní láti wá ìdènà jìnnà. Ìyá kan yóò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun máa sọ Yorùbá, ìyá kejì yóò fẹ́ kí ó máa sọ Ìgbò, wọn yóò sì máa jà á lójoojúmọ́ níwájú ọmọ náà, ẹni tí yóò yíjú padà, tí yóò fi Haúsá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn lọ ṣeré.