Ogun Ìjàyè: bí ìjà adé ṣe sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹrú

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé tí ọ̀rọ̀ ẹrú dá sílẹ̀, ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n jà láti 1861 sí 1865, ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lákòókò náà gan-an ni Ìbàdàn àti Ìjàyè ń para wọn ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí.

Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Àrẹ̀mọ rẹ̀, Adélù, ni wọ́n fi jọba. Kúrunmí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, fárí gá, ó ní ńṣe ló yẹ kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìyẹn ni àwọn èèyàn ń rántí. Ohun tí wọn kì í sábà wí ni pé ogun ti di òwò fún àwọn olórí ogun: ẹrú ni wọ́n fi ń dáko, ẹrú náà ni wọ́n ń tà láti fi ra ìbọn àti ẹ̀tù.

Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Ìbàràpá. Èrúwà, Igbó-Ọrà, Ìdèrè àti àwọn ìlú yòókù wà láàárín Abẹ́òkúta níhà gúúsù àti Ìbàdàn níhà ìlà-oòrùn. Dahomey tó ń kó èèyàn lẹ́rú sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó lọ sóko kò mọ̀ bóyá òun yóò padà wálé. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn abúlé máa para pọ̀. Igbó-Ọrà fúnra rẹ̀, àkójọpọ̀ ìlú kéékèèké bíi Pàkò, Igbólé àti Ìdòfin ni.

Ìbàdàn dí ọ̀nà Òkè-Ògùn tí oúnjẹ ń gbà dé Ìjàyè. Ebi mú kí àwọn òbí fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, àwọn mìíràn ta tiwọn pátápátá. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà kó díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà lọ sí Abẹ́òkúta, àmọ́ ogun ilé tiwọn kò jẹ́ kí owó ìrànlọ́wọ́ wọlé déédéé mọ́. Ìjọ tó rán wọn wá sì rèé, ọ̀rọ̀ ẹrú ló mú un yapa kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1845!

Kúrunmí kú ní 1861. Ìjàyè tú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, 1862. Àwọn tó ráyè sá dé Abẹ́òkúta tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn tọ́wọ́ tẹ̀ di ẹrú ní Ìbàdàn.

Ní Amẹ́ríkà, òfin dá ẹrú sílẹ̀ ní 1865. Níhìn-ín, agbára Ìbàdàn tún gbòòrò sí i ni, ó dé Ìbàràpá, ó sì dé Èkìtì, níbi tí ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ ti fa ogun Kírìjí ní 1878. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú bùdó wọn ká.