Ìbéèrè Lórí Ogun Nínú Ìdánwò Ìtàn: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Dáhùn Rẹ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àgbà ń wò lẹ́yìn ni ohun tí ó gbé e ṣubú. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìtàn gan-an nìyí: kí a bojú wẹ̀yìn, kí a mọ ohun tí ó gbé ayé ṣubú, kí a sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ tí ó lórí tí ó sì nídìí.

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wa ń jókòó ṣe ìdánwò Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a dá sílẹ̀ ní 1952. Lọ́dọọdún pẹ̀lú ni a ń rí ọmọ tí ó mọ ìtàn ogun bí ẹní mowó, síbẹ̀ tí ó kùnà. Àwọn òbí rẹ̀ a máa sọ pé ayé ni ó ń ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ayé. Ọmọ náà sọ ìtàn, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti jìyà rẹ̀ rí. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò náà, wọ́n bi wá léèrè ohun tí Ogun Àgbáyé Kejì mú bá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Inú mi dùn, nítorí pé mo mọ ìtàn Hitler láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ nípa Hitler. Ìlà mẹ́ta péré ni mo kọ nípa ilẹ̀ wa tí agogo fi lù. Nígbà tí èsì jáde, mo fìdí rẹmi nínú ìtàn. Owó ìdánwò tí ìyá mi fi èlùbọ́ títà ṣa jọ ni ó bá a lọ, ọdún kan gbáko ni mo sì fi jókòó sílé kí n tó tún un ṣe. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ NI KÍ A KỌ́KỌ́ KÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi Ogun Àgbáyé Kejì yìí kan náà ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ó jà láti 1939 títí di 1945, tí àwọn baba wa ń pè ní Ogun Hitler. Ìbéèrè mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ lè bá pàdé lórí rẹ̀. Èkíní: kí ni ó fa ogun náà? Èkejì: kí ni ó jẹ́ kí àwọn kan borí kí àwọn kan sì pàdánù? Ẹ̀kẹta: kí ni ó gbẹ̀yìn ogun náà? Ogun kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ tí a rán ní iyọ̀ tí ó lọ ra ata kò jẹ́ iṣẹ́, bí ata náà tilẹ̀ dára.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ohunkóhun, kí ó fa ìlà sábẹ́ nǹkan mẹ́ta nínú ìbéèrè: ọ̀rọ̀ tí ó pàṣẹ ohun tí a ní láti ṣe, ilẹ̀ tí ìbéèrè ń sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ọdún tí ó fi pààlà. Bí wọ́n bá ní kí a ka ìdí márùn-ún, márùn-ún ni kí a kà, kí a sì ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá béèrè bí ọ̀rọ̀ kan ti jẹ́ òtítọ́ tó, ìwọ̀n ni wọ́n fẹ́ kí a gbé: kí a sọ ibi tí ó ti jẹ́ òtítọ́ àti ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀, kí a sì dá ẹjọ́ náà ní ìparí.

KORÍKO GBÍGBẸ ÀTI ÌṢÁNÁ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé iná tí ń jó oko nígbà ọyẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìṣáná nìkan. Bí a bá ṣá ìṣáná kan náà sínú koríko ìgbà òjò, kíkú ni yóò kú. Bẹ́ẹ̀ ni ogun rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1939, Jámánì kọlu Pólándì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Fránsì gbógun tì í. Ìṣáná nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dúró síbẹ̀ kò tíì sọ ìdí ogun. Ó kù kí ó sọ bí koríko ṣe gbẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ láti ìgbà àdéhùn Versailles, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà 1919, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n gba díẹ̀ lára ilẹ̀ Jámánì àti gbogbo ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso lókè òkun, wọ́n ní ọmọ ogun rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 100,000 lọ, wọ́n sì di gbèsè owó ìtanràn rù ú.

Ó tún gbẹ sí i nítorí àìlágbára Ẹgbẹ́ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1920 láti máa parí ìjà. Ẹgbẹ́ náà kò ní ọmọ ogun tirẹ̀, Amẹ́ríkà kò sì bá wọn dá sí i. Nígbà tí Jàpáànù gba Manchuria ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 1931, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi dá a lẹ́kun. Nígbà tí Ítálì kọlu Etiópíà ní 1935, Ọba Haile Selassie fúnra rẹ̀ lọ sí Geneva ní 1936 láti ké gbàjarè, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á sílẹ̀. Olè tí ó rí i pé ọdẹ ń sùn yóò tún padà wá.

Hitler rí i. Ní 1936, ó kó ọmọ ogun wọ agbègbè odò Rhine tí àdéhùn kà léèwọ̀ fún wọn. Ní oṣù kẹta 1938, ó gba Ọ́stríà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ní ìlú Munich, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Fránsì gbà kí ó mú apá kan ilẹ̀ Czechoslovakia, kí ogun má baà jà. Kò sì pé oṣù mẹ́fà tí ó fi wọ Prague, olú-ìlú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1939, ó bá Rọ́ṣíà ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní bá ara àwọn jà. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣá ìṣáná.

ÌDÍ WO NI Ó WÚWO JÙ?

Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n ti ń yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn há ìwé sórí. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń kọ ọ́ pé àdéhùn Versailles nìkan ni ó bí ogun náà. Ẹ jẹ́ kí a dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 1928, nígbà tí àdéhùn náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án, àwọn ará Jámánì dìbò. Àga 12 péré ni ẹgbẹ́ Hitler rí nínú 491 tí ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú lórí Versailles tó láti gbé e dé orí oyè, kí ló dé tí kò gbé e débẹ̀ nígbà náà?

Ní 1929, ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú rú. Nígbà tí ó fi di 1932, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Jámánì. Nínú ìdìbò oṣù keje ọdún náà, ẹgbẹ́ Hitler rí àga 230, wọ́n sì di ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kìíní 1933, a fi Hitler ṣe olórí ìjọba. Nítorí náà, a lè sọ pé Versailles ni ó dá ìbínú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ni ó mú kí àwọn ènìyàn fetí sí ẹni tí ń fi ìbínú náà ṣòwò.

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè sọ pé àìlágbára Ẹgbẹ́ Ìmùlẹ̀ ni ó wúwo jù. Kò burú, bí ó bá ti ní ẹ̀rí tí ó tì í lẹ́yìn. Ohun tí ẹni tí ń yẹ ìwé wò ń wá ni ìdí tí a fi gbà bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ OGUN NÁÀ MÚ BÁ WA

Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti àbájáde ogun ní ilẹ̀ wa, kí a fi Hitler sílẹ̀ kíákíá kí a sì wá sílé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà bá àwọn ará Ítálì jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì wọ Mogadishu ní oṣù kejì 1941. Lẹ́yìn náà, wọ́n wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó bá Jàpáànù jà nínú igbó Bọ́mà. Nígbà tí Jàpáànù sì gba ilẹ̀ Malaya ní 1942, ọ̀dọ̀ wa ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yíjú sí fún rọ́bà àti tánńganran púpọ̀ sí i. Ọjà wọ́n gógó. Ìjọba fi iye lé owó oúnjẹ ní Èkó, àwọn obìnrin ọjà sì kọ̀ ọ́ lábẹ́ Alimotu Pelewura, olórí wọn.

Wàyí o, ẹ wo gbólóhùn yìí: "Nígbà ogun náà, ìyà jẹ àwọn ènìyàn wa púpọ̀." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní ẹran lára. Ẹ wo èyí: "Ogun náà mú kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ agbára ìṣọ̀kan wọn. Owó ọjà gòkè, owó oṣù kò sì gòkè tó o. Ní oṣù kẹfà 1945, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àwọn ti rélùwéè wà lára wọn, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù kan ó lé. Nítorí náà, nígbà tí ogun parí, ìjọba amúnisìn ti rí i pé òun kò lè ṣe bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀." Kókó ọ̀rọ̀ ni ó ṣíwájú, ẹ̀rí tẹ̀ lé e, ìparí sì padà sí ìbéèrè. Bí gbogbo ìpínrọ̀ ṣe yẹ kí ó rí nìyí.

Kí a ṣọ́ra fún àsọdùn pẹ̀lú. Àwọn kan a máa kọ ọ́ pé ogun náà ni ó bí ìjà òmìnira. Ṣùgbọ́n Herbert Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní Èkó láti 1923. Ogun kò gbin igi náà. Ó bomi rin ín ni.

BÍ A ṢE Ń MÚRA SÍLẸ̀

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà sí ojú ìwé kan, kí ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ọdún, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ó fi hàn. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó ń gbani nínú ìdánwò. Lẹ́yìn èyí, kí ó pa ìwé dé, kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹnì kan nínú ilé. Bí ìyá rẹ̀ tí ó wà nídìí ààrò bá gbọ́ ọ yé, ó ti yé òun náà nìyẹn. Kí ó wá kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣe ìdánwò, pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀. Bí wákàtí méjì bá wà fún ìbéèrè mẹ́rin, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ó fi márùn-ún to èrò rẹ̀, kí ó fi ogún kọ ọ́, kí ó sì fi márùn-ún tún un kà. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ìbéèrè tí ó mọ̀ jù lọ jẹ àkókò àwọn mẹ́ta yòókù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Bí bàbá àgbà kan nínú ìdílé yín bá lọ sí Bọ́mà, ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ọmọ, kí ó sì fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé. Ẹ fún un ní iná àti wákàtí kan lálaalẹ́ tí a kò ní rán an níṣẹ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó mú koríko gbẹ, kí ó tó bú ẹni tí ó ṣá ìṣáná, yóò wúlò fún ilé àti ìlú lẹ́yìn tí a bá ti gbàgbé èsì ìdánwò.