Kọ̀ǹpútà ń gbóná lẹ́yìn àtúnṣe: Ẹ yẹ irin orí ọpọlọ rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra òmíràn

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun láwọn ìlú kéékèèké. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé fún ará ìlú, tí wọ́n sì fi ń wo èsì ìdánwò WAEC fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á sì máa kú fúnra rẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ fún àtúnṣe, oníṣẹ́ á fi ìpara tuntun sórí ọpọlọ rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e délé, kò ní í tó wákàtí kan tí á tún fi kú. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé ọpọlọ rẹ̀ ti jóná, àfi kí wọ́n ra òmíràn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ tó bá ti jóná kì í sábà jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tan rárá. Èyí tó ń tan, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó kú, ara rẹ̀ ló ń gbà là. Lọ́dún 2001, àwọn oníròyìn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń jẹ́ Tom's Hardware gbé fídíò kan jáde, níbi tí wọ́n ti yọ irin kúrò lórí ọpọlọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́. Athlon tí ilé iṣẹ́ AMD ń ṣe nígbà náà jóná lójú ẹsẹ̀. Pentium 4 ti Intel kàn rọra dẹwọ́ iṣẹ́ ni. Ọpọlọ tòde òní ló ń gbèjà ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀: bí ooru rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á dín iṣẹ́ kù, bí ooru náà kò bá rọlẹ̀, á pa kọ̀ǹpútà.

Ìpara kì í ṣe oògùn ooru

Ọpọlọ yìí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní processor, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Irin aluminiọ́mù tàbí bàbà tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí eyín òòyà ni wọ́n gbé lé e lórí. Irin náà á fa ooru sókè, fáànù á sì fẹ́ ẹ dànù, bí rédíétọ̀ ṣe ń ṣe fún ẹ́ńjìnì mọ́tò.

Ojú irin àti ojú ọpọlọ lè máa dán, síbẹ̀ kòtò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí wà lára wọn. Afẹ́fẹ́ ló ń wà nínú kòtò wọ̀nyí, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbé ooru kọjá dáadáa. Iṣẹ́ ìpara ni láti dí wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aluminiọ́mù ń gbé ooru lọ ní ìlọ́po ogún ju ìpara lọ, ó tiẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ìpara bá nípọn jù, ṣe ló máa dà bí aṣọ òtútù tí wọ́n fi bo ọpọlọ.

Ìdánwò tí kò gba owó

Bí kọ̀ǹpútà bá kú, tí gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù kò sì kú, kì í ṣe ẹjọ́ iná NEPA. Kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnì Delete tàbí F2 títí ojú BIOS á fi yọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ iye ooru ọpọlọ síbẹ̀, lábẹ́ CPU Temperature. Tó bá dúró láàárín 35 sí 55, kò séwu. Tó bá ń sáré gòkè, tó sì kọjá 85 láàárín ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn ìka kan ìdí irin náà jẹ́jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí irin bá tutù nígbà tí ọpọlọ ń gbóná, a jẹ́ pé ooru kò ráyè bọ́ sínú irin. Ìjókòó irin tàbí ìpara ló lẹ́bi. Bí irin fúnra rẹ̀ bá gbóná janjan, ìpara ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Fáànù, eruku tàbí ibi tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Bí irin bá tutù

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé irin kò jókòó dáadáa. Láti ọdún 2004, irin tó ń bá ọ̀pọ̀ ọpọlọ Intel jáde fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin. Igun sí igun ni wọ́n ń tẹ̀ wọ́n, títí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi dún kọ́. Ọfà orí ẹsẹ̀ náà ń fi ọ̀nà tí wọ́n ń yí i sí láti tú u hàn ni, kì í ṣe láti tì í. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ti ń ṣì í. Ẹsẹ̀ kan tí kò wọlé tó láti mú kí irin gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè. Bó bá jẹ́ súkúrù ni, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dè é, igun sí igun pẹ̀lú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí wọ́n bá tú irin, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìpara. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, irin jókòó. Bó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, irin ti dagun. Bí irin bá jẹ́ tuntun, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan ń fi ọṣẹ ìfọyín rọ́pò ìpara. Ó lè ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá gbẹ, ooru á padà.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú irin ni wọ́n gbọ́dọ̀ nu ìpara àtijọ́ kúrò pátápátá. Aṣọ mímọ́ àti spirit tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ti tó, kì í ṣe omi tàbí kẹrosín. Ìpara tuntun tó tó hóró ẹ̀wà kan láàárín ọpọlọ ti tó. Irin ló máa tẹ̀ ẹ́ ká.

Bí irin bá gbóná

Kí wọ́n wò ó bóyá fáànù ń yí, bóyá wọ́n sì rántí ki wáyà rẹ̀ bọ ibi tí wọ́n kọ CPU FAN sí. Oníṣẹ́ tó ń kánjú máa ń gbàgbé èyí. Eruku ọyẹ́ náà ń dí àárín eyín irin lábẹ́ fáànù, kì í hàn lókè. Bí ooru bá rọlẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kò ráyè. Kí wọ́n gbé e kúrò lẹ́bàá ògiri, kí wọ́n má sì fi aṣọ bò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, nọ́ńbà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súkúrù irin rẹ̀, bí nọ́ńbà bá sì ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n ń dè é. Orí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e sí, nítorí abẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń fa atẹ́gùn.

Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà lọ fún àtúnṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí oníṣẹ́ fi iye ooru han òun kó tó tú u àti lẹ́yìn tó bá dè é tán, kó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú òun. Bí irin bá jókòó, tí ìpara ṣe déédéé, tí fáànù ń yí, tí eruku ti kúrò, tí ooru kò sì rọlẹ̀, ìgbà náà ló tó kí wọ́n máa fura sí ọpọlọ tàbí pátákó rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, kí olówó rọra mú owó rẹ̀ dání.