Ẹ̀jẹ̀ Wa Kò Kéré: Ọ̀rọ̀ lórí Duffy

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ìka kò dọ́gba. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àwa ènìyàn dúdú ṣe àlàyé òwe yìí.

Kí ni Duffy? Purotéènì kan ni, tí ó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ní 1950 ni a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, a sì sọ ọ́ ní orúkọ aláìsàn tí a ti ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ọgbẹ́ tàbí kòkòrò àrùn bá mú kí ibì kan wú kí ó sì gbóná lára ènìyàn, ara a máa tú àwọn purotéènì kéékèèké jáde láti ké sí sẹ́ẹ̀lì funfun, ọmọ ogun ara. Duffy a máa gbá àwọn ońṣẹ́ wọ̀nyí mú, kí ìpè má baà pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa Yorùbá kò ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àìní yìí ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ibà Plasmodium vivax. Ní 1995 a rí okùnfà rẹ̀: lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá. Ẹni tí ó bá jogún ìyípadà náà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni kò ní ní i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ní 2009, ìwádìí fi hàn pé ìyípadà kan náà ni ó ń mú kí neutrophil, ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì funfun, kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ìwé ìṣègùn sọ pé bí kò bá tó 1,500 nínú maikrolítà kan, ó ti kéré jù. Ara àwọn aláwọ̀ funfun ni a ti mú ìdíwọ̀n náà ní púpọ̀. Ẹni tí kò ní Duffy lè wà lábẹ́ rẹ̀ kí ara rẹ̀ sì le koko. Síbẹ̀, nítorí iye yìí, wọ́n lè gún un ní egungun láti yẹ mùdùnmúdùn rẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n dín oògùn jẹjẹrẹ rẹ̀ kù, tàbí kí wọ́n fi clozapine, oògùn àrùn ọpọlọ, dù ú. Ní 2015 ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa lo clozapine bí tirẹ̀ bá tó 1,000.

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan fi ara àwọn tí ó ń tọ́jú ṣe ìdíwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdíwọ̀n ta ni, kí ẹ tó pe ẹni tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn.