Ṣé Máṣíìnì Ìránṣọ Yín Ń Fò? Ẹ Kọ́kọ́ Pààrọ̀ Abẹ́rẹ́

Ṣé ẹ̀ ń fi àjákù Ańkárá rán aṣọ ìbora nílé, tí máṣíìnì wá ń rán ibì kan, tó ń fo ibì kan? Ẹ má tíì pe ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe o. Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí abẹ́rẹ́ bá wọlẹ̀ tó tún ń gòkè, òwú á ká bí òrùka kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkọ́ tó wà nídìí bọ́bìn ló ń gbá a mú. Bí ìkọ́ ò bá rí i mú, ó fò nìyẹn. Ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ tú lọ́jọ́ tí ẹ bá fọ aṣọ náà.

Ańkárá, fóòmù fẹ́lẹ́ àti aṣọ ìsàlẹ̀ nípọn ju agbára abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11 lọ. Ẹ lo nọ́ńbà 14 tàbí 16 tuntun, kí ẹ tì í dókè pátápátá kí ẹ tó dè é. Ẹ̀gbẹ́ tó rí roboto ni òwú ń gbà wọlé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú.

Ẹ má fi tipátipá fa aṣọ, torí abẹ́rẹ́ á tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù onípele mẹ́ta. Tó bá ṣì ń fò, ẹ wá pe oníṣẹ́: ó ṣeé ṣe kí ìkọ́ ti yẹ̀.